Wákàtí Mẹ́fà Péré Láti Lọ́ńdọ̀nù

Wákàtí mélòó lo pè é? Tún un sọ kí n gbọ́ dáadáa. Wákàtí mẹ́fà péré. Áà, Akọ̀wé, o mà láyà o! Nínú pálọ̀ yìí, níbi tí wọ́n tẹ́ ọkọ mi sí, o tún la ẹnu rẹ, o ní Lọ́ńdọ̀nù ò jìnnà, pé wákàtí mẹ́fà péré ni, pé bí mo bá ti ní ara mi ò yá báyìí, o ti dé. Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ ara mi ò yá? Ṣé mo ní kí o wá ka wákàtí fún mi ni? Má dìde. Jókòó. O ò tíì fẹnu kan omi tí mo gbé fún ọ, o ti ń wo aago ọwọ́ rẹ. Aago yẹn náà ni. Mo dá a mọ̀. Mo mọ aago yẹn ju bí mo ṣe mọ ojú rẹ lọ báyìí, torí ojú rẹ, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i.

Àdúà lo wá gbà, mo ti gbọ́. Wọ́n ti dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní éèpọ́ọ̀tù, ìwọ àti ọ̀pọ̀ yín, ìjọba sójà ní owó ò sí mọ́, kí ẹ máa lọ sílé yín, ọ̀rẹ́ rẹ kan sì ti bá ọ rí ibi tí o máa forí pamọ́ sí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀la lo fẹ́ wọ bàálù. Ó dùn mí pé wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mi ò ní purọ́. Ta ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn fún ọ nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, tí mo máa ń fi èédú sínú áyọ́ọ̀nù kí ilẹ̀ tó mọ́? Èmi ni. Ó dùn mí, wálláhì ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ọ̀la, Akọ̀wé? Ọ̀la lo fẹ́ lọ, òní lo rántí ọ̀nà ibí.

Ta ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ wákàtí mẹ́fà wọ inú ilé yìí? Àbí o ti gbàgbé? Ìrọ̀lẹ́ tí Mahmood máa lọ, a ti ṣe sàráà, Alfa Àbdùlláhì ti wúre tán, àwọn èèyàn ń jẹun níta, èmi wà nínú yàrá, mò ń sunkún, mo ní ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí òkè òkun. Ìwọ lo wá pè mí. O ní, "Ìyá, ẹ jáde wá wo nǹkan." O mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. O sàmì kan sórí sìmẹ́ńtì níbí yìí, o ní Ìkẹjà rèé. O rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, o sàmì míì, o ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, o wá fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì. O ní aṣálẹ̀ wà lójú ọ̀nà, òkun wà lójú ọ̀nà, gbogbo ẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì lọ, ṣùgbọ́n kí ni bàálù fẹ́ fi aṣálẹ̀ ṣe, wákàtí mẹ́fà, ó ti balẹ̀. O ní ẹni tó bá wọ lọ́rì lọ sí Sókótó, ó máa sun ojú ọ̀nà kó tó dé, nítorí náà ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sún mọ́ mi ju ẹni tó wà ní Sókótó lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn tù mí nínú. Mo nu ojú mi, mo jáde lọ bá àwọn àlejò. Bàbá Mahmood ńkọ́, ọkọ mi tí kì í rẹ́rìn-ín káàkiri? Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé rẹ̀, ẹni tó wá tẹ káàdì ìgbéyàwó, ẹni tó wá tẹ ìwé ìkéde òkú, gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ fún: "Ọmọ mi ò jìnnà, wákàtí mẹ́fà ni." Èmi ò jẹ́ kí wọ́n fọ ibi tí o fa ìlà sí. Tí mo bá ń nulẹ̀, mo máa ń yà fún un ni. Nígbà tó yá, mo tẹ́ ẹní lé e kí ẹsẹ̀ má baà pa á rẹ́.

Mi ò ní irọ́ lo pa o. Má tíì dá mi lóhùn, mo ní mi ò ní irọ́ lo pa.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ mi kú ńkọ́? Ó kí àsùbáà tán, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kí n tó po ògì tán, ó ti lọ. Mo ránṣẹ́ sí ọ nílé rẹ ní Ọbáníkòró. O sáré wá, mi ò ní fi ìyẹn dù ọ́, o sáré wá lọ́jọ́ yẹn. O mú mi lọ sí ilé lọ́yà kan ní Palmgrove tí tẹlifóònù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, a bẹ̀ wọ́n, wọ́n jẹ́ kí a lò ó, o yí i, o yí i, títí ó fi wọlé. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi. Ó ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga. Ó sunkún, ó ní, "Ìyá, ẹ dúró dè mí, ẹ má tíì gbé wọn lọ." Ibẹ̀ ló já sí. Mo yíjú sí ọ, mo ní Akọ̀wé, bó bá wọ bàálù báyìí ńkọ́? O gbé ọwọ́ rẹ sókè, o wo aago. Aago yẹn gan-an. O ní, "Kí wọ́n tó kírun aláásárì, á ti dé."

Ó dáa, kí lo fẹ́ kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ yẹn? Kí n gbé e jù nù? Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí bàálù ń balẹ̀ sí, ìwọ tí gbogbo àdúgbò ń wá bi ní ìbéèrè tí wọ́n bá fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Kí n ní o ò mọ̀ ọ́n?

Ìwọ náà mọ̀ pé àwa kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó kú ní àsùbáà, kí wọ́n tó kírun àyìlà, ó ti wọlẹ̀. Wọ́n wẹ ọkọ mi, wọ́n wé e, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní yẹn, lórí ìlà ṣọ́ọ̀kì tìrẹ, wọ́n ní ó yá. Mo ní rárá. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo fi dí i. Mo ní ọmọ rẹ̀ ń bọ̀, ó ti wà lójú ọ̀run. Àyìlà kọjá. Alfa Àbdùlláhì bẹ̀ mí jẹ́jẹ́, ó ní ìyá, kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fún mi di aláásárì péré. Gbogbo bàálù tó kọjá lókè lọ́jọ́ yẹn, mo máa ń na ọwọ́ sí i, mo ní òun nìyẹn, ó ti ń balẹ̀. Tí a bá tún dúró tí a ò rí i, mo ní àwọn sójà ló dá a dúró ní éèpọ́ọ̀tù, wọ́n ń tú ẹrù rẹ̀ wò. Inú ooru yẹn, Akọ̀wé. Inú ooru yẹn, pẹ̀lú òkú nínú pálọ̀.

Wọ́n kírun aláásárì tán, kò dé. Ni olórí ẹbí yín bá dìde, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí mi ò gbójú sókè wò rí. Ó ní irú ìyàwó wo lèyí? Ó ní ṣé mo fẹ́ kí àbúrò òun rà sílẹ̀ nítorí ọmọ mi tó lọ kọ́ ìwé òyìnbó? Ó ní níbo ni wọ́n ti ń kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀ kí wọ́n dé Pedro ńbí kí ilẹ̀ tó ṣú? Ó wá bi mí, níwájú ẹbí, níwájú àjèjì, ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Mo wo ojú rẹ. O dúró létí ògiri yẹn, láàárín àwọn ọkùnrin. O tẹ orí ba, ò ń wo aago ọwọ́ rẹ.

Ọláyídé.

Ó yà ọ́ lẹ́nu, àbí? Láti ìgbà tí wọ́n ti fà mí wá sínú agbo ilé yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ìwọ ṣì ń rákò, mi ò pe orúkọ rẹ rí. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré mọ. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, torí o kì í ju èédú sílẹ̀, gbogbo ògiri lò ń kọ nǹkan sí. Ìyá rẹ kú, mo mú ọ wá sí Ṣómólú, mo tọ́ ọ pẹ̀lú ọmọ mi, abọ́ kan náà lẹ fi ń jẹun, síbẹ̀ mi ò pe orúkọ rẹ. Tí inú bá bí mi sí ọ pàápàá, Akọ̀wé náà ni. Lónìí mo pè é. Ọláyídé, wọ́n bi mí pé ta ló sọ fún mi, o sì dákẹ́.

Kí ni ì bá ná ọ? Kí o kàn ní, "Èmi ni mo sọ fún wọn." Ọ̀rọ̀ kan péré nìyẹn. Wọ́n á bú àwa méjèèjì, èmi ò ní dá a jẹ. Kí lo wí? Ẹ̀rù ń bà ọ́? Èmi ńkọ́ tí mo jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn, ṣé èmi ò lẹ́rù ni?

Ọkùnrin méjì ló gbé mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé mi bí wọ́n ṣe ń gbé àpò gàrí, gèlè mi já bọ́, orí mi wà ní ìta gbangba. Wọ́n gbé ọkọ mi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Bí mo ṣe rí i mọ nìyẹn. Mahmood ò dé lọ́jọ́ náà, kò dé lọ́jọ́ kejì, kò dé lọ́jọ́ fídáù, títí tí mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, Mahmood ò tíì dé.

Mo wọ tákàbà. Opó tó wà nínú tákàbà kì í jáde, o mọ̀, ẹni tó bá fẹ́ rí i ló máa wá. Ó yá, ta ló wá? Àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù mi wá lọ́jọ́ fídáù, wọ́n jẹun, wọ́n fọ ilẹ̀ fún mi kí wọ́n tó lọ, wọ́n fọ ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn dànù, wọn ò padà wá. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè mí. Obìnrin tó fẹsẹ̀ dínà òkú. Orúkọ mi nìyẹn ní gbogbo Pedro dé Bárígà, bí mo bá ń kọjá báyìí, wọ́n á rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Sabina tó gba yàrá ẹ̀yìn, ọmọ Ẹ̀gùn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló ń bá mi tò sórí ìlà níbi tí sójà ti ń fi kóbókò darí èèyàn nítorí mílíìkì àti ọṣẹ. Òun ló ń kanlẹ̀kùn pé ṣé mo ti jẹun. Kò sí ẹbí láàárín wa, kò sí ẹ̀sìn. Mò ń bi ara mi pé ẹbí tèmi dà.

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́? Jẹ́ kí n sọ èyí, torí òun ló dùn mí jù. Mahmood gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé, ẹni yẹn fi lé ọ lọ́wọ́ ní éèpọ́ọ̀tù. Ohùn ọmọ mi wà lọ́wọ́ rẹ. O wá fi rán dírẹ́bà ibi iṣẹ́ yín. Dírẹ́bà, Akọ̀wé! Ó nà án sí mi látinú ọkọ̀, kò tiẹ̀ pa íńjìnnì. Sabina ló bá mi fi sínú rédíò.

Ọmọ náà ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Ó ní ibi tí òun ń gbé kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù rárá, òkè pátápátá ni, lápá Sikọ́tíláǹdì, pé réluwéè ni òun máa kọ́kọ́ wọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí òun tó fojú kan ibi tí bàálù wà. Ó ní bàálù tó ń bọ̀ nílé kì í gbéra lójoojúmọ́, èyí tó sì máa gbéra, àwọn èèyàn ti kún inú ẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó gba pásípọ́ọ̀tù òun, wọ́n ń rò ó bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun ṣì máa gbé ọ̀dọ̀ wọn, pé bí òun bá fi tipátipá jáde, òun ò ní wọlé mọ́, ẹ̀kọ́ tí bàbá òun fi gbogbo ara tẹ̀wé nítorí ẹ̀ á dúró láàárín. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, "Ìyá, wákàtí mẹ́fà yẹn, ti bàálù ni, kì í ṣe tèmi."

Mo ní kí Sabina dá a padà sẹ́yìn. Mo tún gbọ́ ọ. Mò ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ títí bátìrì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ohùn ọmọ mi wá ń falẹ̀, ó wá ń dún bíi ti arúgbó, mo sì pa á. Láti ìgbà náà, mi ò tíì rí bátìrì rà.

Ìwọ mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Má mirí, o mọ̀ ọ́n. Lójú rẹ ni àwọn tí bàálù já sílẹ̀ ń sun orí ẹrù wọn. Ìwọ lò ń sọ fún wọn pé kò sáàyè, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. O ò fa ìyẹn sórí sìmẹ́ńtì fún mi. Éèpọ́ọ̀tù dé éèpọ́ọ̀tù lo fà. Ta ló ń gbé éèpọ́ọ̀tù? Ọmọ mi ò gbé éèpọ́ọ̀tù, èmi náà ò gbé e.

Ó dáa, ìwọ tó mọ bí ibi gbogbo ṣe jìnnà sí ara wọn, jẹ́ kí n bi ọ́ ní ọ̀kan. Láti Ọbáníkòró dé Pedro ńbí, wákàtí mélòó ni? Kò tó wákàtí, àbí? Mo mọ̀ pé kò tó. Nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ síbẹ̀, mo máa ń gbé oúnjẹ ìṣínu wá fún ọ nínú ààwẹ̀, ẹsẹ̀ ni mò ń fi rìn ín, ọbẹ̀ náà á ṣì gbóná tí mo bá dé. Ó wá gba ìwọ láti ọjọ́ ìsìnkú di òní. Tákàbà mi parí, o ò dé. Ààwẹ̀ wọlé, ó jáde, o ò dé. Iléyá dé, mo yọ ẹran tìrẹ sọ́tọ̀, mò ń gbé e kaná lójoojúmọ́ kó má baà bàjẹ́, nígbà tó yá Sabina ló jẹ ẹ́. Èwo ló wá jìnnà, Lọ́ńdọ̀nù ni àbí Ọbáníkòró?

Dá mi lóhùn, mo ti dákẹ́.

Ojú ń tì ọ́. Hẹn. Mo gbọ́. Ojú ń tì ọ́, o wá fi mí sílẹ̀ níbí pẹ̀lú ìtìjú tèmi àti tìrẹ.

Ṣé o mọ ohun tí mò ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́? Bàálù máa ń gba apá ibí kọjá tó bá fẹ́ lọ balẹ̀ sí Ìkẹjà. Tí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, mo máa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo máa gbójú sókè. Mo mọ̀ pé ọmọ mi ò sí níbẹ̀. Mo kàn máa ń sọ fún ara mi pé ọmọ ẹnì kan wà nínú ẹ̀, ìyá kan ń rí i lónìí. Lẹ́yìn náà, mo máa wọlé, mo máa jókòó, kò sí ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Mo dá wà, Akọ̀wé. Mo dá wà gan-an. Mi ò rò pé ilé lè dákẹ́ tó báyìí. Bó o ṣe wà ní Ọbáníkòró tí o ò wá yẹn náà, mo ṣì máa ń ní ó ń bọ̀, ọ̀nà ò jìn, ọjọ́ kan á yà wọlé. Ọ̀la, ìyẹn náà tán. Bí mo bá kú, ta ni wọ́n máa ní kí òkú dúró dè? Ta ló máa na ẹsẹ̀ dí ilẹ̀kùn nítorí tèmi? Mo ti sọ fún Sabina, mo ní kí wọ́n tètè gbé mi, kí wọ́n má dúró de ẹnikẹ́ni.

Dìde nílẹ̀. Mo ní dìde, ò ń fi aṣọ tó mọ́ nulẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni mò ń wá.

Kí lo wí? Pé o máa lọ bá olórí ẹbí lálẹ́ yìí, kí o sọ fún un pé ìwọ lo sọ fún mi? Ó ti pẹ́ jù, Akọ̀wé. Èyí tí wọ́n máa pè mí, wọ́n ti pè mí, ó ti mọ́ wọn lẹ́nu. Bó bá wù ọ́, lọ sọ ọ́, kí ọkàn tìrẹ lè balẹ̀ nínú bàálù. Èmi ò fi ìyẹn gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ.

Àdúà lo wá gbà. Mo máa ṣe é fún ọ. Ṣé mo lè jẹ́ kí ọmọ tí mo pọ̀n lọ sí òkè òkun láìwúre fún un? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n rorò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é báyìí. Ohun kan wà tí o máa kọ́kọ́ ṣe.

Padà sí Ọbáníkòró. Má wọ mọ́tò, fẹsẹ̀ rìn. Tí o bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ, fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, kí o yíjú padà, kí o máa bọ̀ níbí. Èmi á gbé ata kaná. Màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí, màá na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, màá máa wo títì. Màá sọ fún Sabina pé kó bu oúnjẹ sílẹ̀, pé mò ń retí ẹnì kan. Ẹni tí mo retí tó dé, mi ò rí i mọ́ láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Mo fẹ́ rí ọ tí ò ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà náà ni màá wúre fún ọ.

Ó yá, máa lọ, oúnjẹ á ti jinná kí o tó dé. Bọ́ aago yẹn sílẹ̀ lórí tábìlì.